Ìjókòó 5 sí 8: bí òbí àti ọmọ ṣe lè jọ gba ìtọ́jú lẹ́yìn ìjàǹbá

Ní Abẹ́òkúta, bí ọ̀kadà bá gbé èèyàn ṣubú láàárọ̀, kó tó di ìrọ̀lẹ́ ilé ti kún. "Ẹ kú ewu o. Ẹ kú orí ire. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́." Wọ́n á wo ẹsẹ̀ ìyá tí wọ́n fi POP dì, wọ́n á bá bàbá dúpẹ́, wọ́n á sì fọwọ́ pa ọmọ lórí: "Ọmọdé ni, kò ní pẹ́ gbàgbé." Ọmọ jókòó ti ògiri, kò fọhùn. Ara rẹ̀ kò bó, eegun rẹ̀ kò ṣẹ́, nítorí náà kò sẹ́ni tó kí i kú ewu.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó ti jáwọ́ nínú títọ̀ sílé tipẹ́tipẹ́ tún bẹ̀rẹ̀. Ó ń fi igbe ta jí lóru. Tíṣà ránṣẹ́ pé kò fọkàn sí iṣẹ́ mọ́, ìjà ló ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jà. Ìyá nà án nítorí ìtọ̀. Ìyá àgbà ní ẹ̀mí ọmọ náà ló fò lọ, kí wọ́n lọ pè é wá níbi tí wọ́n ti ṣubú. Kálukú ń sọ tirẹ̀, ẹnì kan ò sì bi ọmọ pé kí ló ń ṣe é.

Irú ọmọ yìí ni mo kọ èyí fún, àti ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀. N ó máa pè é ní Àkànní. Àpẹẹrẹ lásán ni, kì í ṣe ọmọ ẹnì kan pàtó. Ìtọ́jú tí mo fẹ́ ṣàlàyé kò gùn. Ìjókòó 5 sí 8 ni, ọ̀sẹ̀ mélòó kan péré, àgbà kan nínú ilé ló sì jẹ́ igi lẹ́yìn ọgbà rẹ̀. Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣètò èyí tí mò ń tẹ̀ lé jù, wọ́n ń pè é ní Child and Family Traumatic Stress Intervention, CFTSI ní ìgékúrú. Nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2011, ọmọ 106 ni wọ́n yẹ̀ wò, láti ọdún 7 sí 17. Wọ́n fún àwọn kan ní ìtọ́jú yìí, wọ́n sì fún àwọn yòókù ní ìtùnú àti àlàyé ní iye ìjókòó kan náà. Nígbà tó di oṣù kẹta, bó ṣe ṣeé ṣe tó kí ẹni tó gba ìtọ́jú yìí ní àrùn ìpayà tí wọ́n ń pè ní PTSD fi 65% dín sí ti àwọn yòókù.

Bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé àṣà òyìnbó ni kí ẹbí máa bá èèyàn gba ìtọ́jú ọkàn, ẹ ní kó lọ bi àwọn àgbà Àró, níbi tí ọsibítù ìtọ́jú ọpọlọ wà ní Abẹ́òkúta. Nígbà tí dókítà Thomas Adeoye Lambo, ọmọ bíbí Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní 1954, kì í ṣe gbogbo aláìsàn ló tì mọ́lé. Ó fi wọ́n wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tó yí ọsibítù ká, ó sì ní kí ìbátan kan bá aláìsàn wá, kó máa dáná fún un, kó máa fọṣọ rẹ̀, kó máa sìn ín lọ gba ìtọ́jú. Ayé gbọ́, wọ́n sì wá wò ó. Àwa tí ó wà lẹ́yìnkùlé wa, bí a bá gbọ́ "Àró", ohun tó ń wá sí wa lẹ́nu ni "Ọmọ tèmi ò ya wèrè o." N ó padà sórí ọ̀rọ̀ yẹn.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Ara ni kí ẹ kọ́kọ́ bójú tó. Ọmọ tó forí gbálẹ̀, tó ń bì, tí oorun rẹ̀ ń wúwo jù, dókítà ló ni ín ní wákàtí yẹn, kì í ṣe ìjókòó.

Lẹ́yìn ara, ewu. Ẹ ò lè máa wo ọgbẹ́ ọkàn ọmọ sàn nígbà tí ẹni tó dá a lára ṣì ń gbé inú ilé. Bó bá jẹ́ pé wọ́n fipá bá ọmọ lò pọ̀, tàbí ẹnì kan ń lù ú ní ìlù ìkà, ẹ má ṣe pe onítọ̀hún síbi ìjókòó kankan nítorí pé mọ̀lẹ́bí ni, ẹ má sì gbà kí wọ́n parí rẹ̀ nílé. Ẹ gba ọmọ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ gbé e dé ọsibítù kíákíá, nítorí oògùn tó ń dènà HIV kò wúlò mọ́ bí wákàtí 72 bá ti kọjá. Lẹ́yìn náà ni ọlọ́pàá àti òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé.

Àsìkò náà ṣe pàtàkì. Ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, oúnjẹ, oorun, àti ẹni tó mọ̀ dáadáa lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti tó fún ọmọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ara wọn máa ń balẹ̀ fúnra wọn láàárín oṣù kan. Ìdí nìyẹn tí dókítà kì í fi sọ pé ọmọ ní PTSD kí oṣù kan tó kọjá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí i pé àmì ń peléke dípò kó máa relẹ̀, ẹ má dúró kó pé ọdún. Kí ọjọ́ 30 sí 45 tó kọjá lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà ni wọ́n ní kí CFTSI bẹ̀rẹ̀, fún ọmọ ọdún 7 sókè. Bó bá jẹ́ pé ìgbà tó pẹ́ lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ ni ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ tú àṣírí, bí ìfipábánilò ṣe sábà máa ń rí, ọjọ́ tó sọ ọ́ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Ta ni yóò bá ọmọ jókòó? Ẹni tí ọmọ máa ń sá bá bí ẹ̀rù bá bà á ni, kì í ṣe ẹni tó ń san owó ilé ìwé. Ó lè jẹ́ ìyá, ó lè jẹ́ màmá àgbà tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú tí ọmọ ń sùn tì. Ẹni tí yóò sì darí ìjókòó náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó kọ́ṣẹ́: nọ́ọ̀sì ìlera ọpọlọ, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí, òṣìṣẹ́ ìgbáyégbádùn. Èyí tí mo kọ síhìn-ín jẹ́ kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ ń bá lọ, kí ẹ sì lè ṣe ìdá tiyín nínú rẹ̀.

Ìjókòó kìn-ín-ní: àgbà nìkan

Ẹ má mú ọmọ wọlé lọ́jọ́ yìí. Olùtọ́jú, ìyẹn ẹni tó ń darí ìjókòó, yóò bi yín léèrè ohun tí ẹ ti rí lára ọmọ láti ìgbà tí nǹkan náà ti ṣẹlẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni yóò sì máa bi yín: Ṣé ó ń lá àlákálàá? Ṣé àyà rẹ̀ ń já bí ọkọ̀ bá fọn fèrè? Ṣé ó ń sá fún ọ̀nà kan, tàbí ẹnì kan, tàbí ọ̀rọ̀ kan? Inú rírun tàbí orí fífọ́ tí dókítà ò rí ìdí rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó ń lẹ̀ mọ́ yín bí ọmọ ọdún méjì? Ṣé ó ń bínú sódì? Ṣé ó ń fi eré ṣe ohun tó ṣẹlẹ̀, kó máa fi ọkọ̀ agolo kọlu ara wọn ní àkọlùtúnkọlù? Iye ìgbà lọ́sẹ̀ ni wọn yóò kọ sílẹ̀. "Nígbà míì" kò ràn wá lọ́wọ́. Ẹ lo ọjọ́ méjì ṣáájú kí ẹ fi máa wo ọmọ dáadáa.

Wọ́n á bi yín nípa ara tiyín pẹ̀lú. Ẹ má fi pamọ́. Ìyá Àkànní wà lórí ọ̀kadà yẹn, òun náà ń gbọ́ ariwo ọjọ́ náà létí, òun náà kò lè sùn. Bí ìpayà tirẹ̀ bá pọ̀ ju èyí tó lè gbé lọ, wọ́n á wá ìtọ́jú tirẹ̀ lọ́tọ̀, àǹtí tàbí bàbá á sì wá jókòó ti ọmọ. Kò sí ìtìjú nínú ìyẹn.

Ohun tó yẹ kí ẹ gbé kúrò níbi ìjókòó yìí ni òye ìdí tí ọmọ fi ń ṣe bó ṣe ń ṣe. Ajá tí olè ti wọlé olówó rẹ̀ rí, bí ewé bá já, á gbó. Kì í ṣe orí kunkun ló ń ṣe é. Ara Àkànní náà ti kọ́ láti máa ṣọ́nà, kò sì tíì mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́. Nígbà tí ìyá bá mọ èyí, ọwọ́ tó nà sókè láti gbá ọmọ létí á wálẹ̀. Mo ti rí ìyá tó bú sẹ́kún níbi gbólóhùn yẹn, tó rántí ẹgba tó ti nà sẹ́yìn. A ò bá a wí. A fún un ní omi mu, a sì ń bá iṣẹ́ lọ.

Ìjókòó kejì: ọmọ nìkan

Ìbéèrè kan náà ni wọn yóò bi ọmọ, láìsí àgbà mìíràn níbẹ̀. Àwọn ọmọ mìíràn kì í fẹ́ fi ẹnu sọ iye, nítorí náà mo fẹ́ràn ọmọ ayò. Ojú ilé ayò kọ̀ọ̀kan dúró fún nǹkan kan: àlá, inú rírun, ìbínú, ìtọ̀. Bí kò bá ṣẹlẹ̀ rárá, kó fi ilé náà sílẹ̀ lófìfo. Bó bá ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́, kó kó ọmọ ayò mẹ́rin síbẹ̀. Ọmọ tí kò lè wò ọ́ lójú lè fara balẹ̀ kó ọmọ ayò fún ọ títí ilé méjìlá á fi kún.

Ẹ kíyè sí i pé a kò ní kó wá ròyìn ìjàǹbá náà. Ohun tó ń ṣe é báyìí là ń wá. Bó bá fẹ́ sọ ọ́, a ó gbọ́. Bí kò bá fẹ́, kò sí ẹni tí yóò fà á jáde lẹ́nu rẹ̀.

Kí ó tó lọ, olùtọ́jú á bi í léèrè èyí tí ó fẹ́ kí ìyá rẹ̀ mọ̀, èyí tí kò tíì fẹ́, àti bóyá òun fúnra rẹ̀ ni yóò sọ ọ́ tàbí kí wọ́n bá òun sọ ọ́. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Àṣírí tí kò ṣeé pa mọ́ ni pé ẹnì kan ń pa á lára, tàbí pé ó fẹ́ pa ara rẹ̀ lára, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ti sọ èyí fún un láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìjókòó kẹta: ẹ jọ jókòó

Ibí ni gbogbo rẹ̀ wà. Wọ́n á gbé àkọsílẹ̀ ìyá àti ti ọmọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ìgbà tí méjèèjì máa ń bára mu. Ìyá kọ "àlá: kò sí mọ́". Ọmọ kó ọmọ ayò mẹ́rin. Ọ̀rọ̀ wọn lè lọ báyìí:

"Àkànní, o kó mẹ́rin sí ti àlá. Mo rò pé o ti ń sùn dáadáa."

"Mi ò fẹ́ jí yín ni, mà. Ẹsẹ̀ ń dùn yín."

"Kí lo máa ń rí?"

"Mo máa ń rí i pé ẹ ò dìde mọ́."

Ìyá rò pé ọmọ ti gbàgbé nítorí kò sọ ọ́. Ọmọ kò sọ ọ́ nítorí ó ń dáàbò bo ìyá rẹ̀. Bí ilé púpọ̀ ṣe ń rí nìyẹn lẹ́yìn ìjàǹbá: gbogbo wọn ń gbé ẹrù kan náà, kálukú sì ń fi í pamọ́ fún èkejì.

Ohun tí ẹ bá fi dáhùn ní ìṣẹ́jú yẹn ló máa sọ bóyá ọmọ á tún bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ má wí pé "Ṣé o ò rí i pé mo wà láàyè ni?" Ẹ má wí pé "Ṣe bí ọkùnrin." Ẹ má sáré bẹ̀rẹ̀ àdúrà kó tó sọ̀rọ̀ tán, àdúrà dára, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó parí ná. Ẹ lè sọ pé: "O ṣeun tí o sọ ọ́ fún mi, Àkànní. Mo dìde, mo wà níbí. Bí o bá tún lá a lóru òní, wá fọwọ́ tọ́ mi." Kó kúrú bẹ́ẹ̀.

Ẹ tẹ́tí sílẹ̀ fún ẹ̀bi tí ọmọ ń dá ara rẹ̀. Àkànní lè rò pé òun ló fa ìjàǹbá náà, torí òun ló bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n yà ní Kútọ̀ ra búrẹ́dì. Àgbà á fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ sọ fún un pẹ̀lú ojú tó le díẹ̀ pé ẹni tó ń sá eré ló kọlù wọ́n, búrẹ́dì kò mọ̀ nípa rẹ̀, kí ẹ sì tún un sọ lọ́jọ́ mìíràn.

Ìjókòó kẹrin síwájú: ẹ mú ìṣòro kan tàbí méjì péré

Ẹ má gbìyànjú láti wo gbogbo rẹ̀ sàn lẹ́ẹ̀kan. Ìyá àti ọmọ á jọ yan èyí tó ń yọ wọ́n lẹ́nu jù, wọ́n á kọ́ ohun tí wọn yóò ṣe sí i níbi ìjókòó, wọ́n á sì lọ dán an wò nílé fún ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn tó sábà máa ń jáde ni mo kọ sísàlẹ̀ yìí.

Fún àyà jíjá, kọ́ ọmọ ní mímí bí ẹni tó ń fẹ́ ògì gbígbóná: kó gba afẹ́fẹ́ sínú láti imú, kó wá fẹ́ ẹ jáde lẹ́nu díẹ̀díẹ̀ kí ògì má baà dànù. Ẹ ṣe é nígbà márùn-ún tàbí mẹ́fà, ẹ jọ ṣe é, nígbà tí ara balẹ̀ ni kí ẹ ti kọ́ ọ, kì í ṣe inú ìpayà. Fún ara tó le gan-an, kó ṣe bí ẹni tó ń fún aṣọ tí wọ́n fọ̀: kó di ẹ̀ṣẹ́ méjèèjì, kó fún un le, kó wá jọ̀wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ọmọkùnrin fẹ́ràn èyí ju ògì lọ, mi ò mọ̀dí.

Oorun: àkókò kan náà lálaalẹ́, fóònù àti tẹlifíṣọ̀n kúrò nílẹ̀, iná kékeré kan tàn bí NEPA bá gbà fún wa, tàbí tọ́ọ̀ṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Kí ọmọ sùn tì yín fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kò ní bà á jẹ́. Ẹ kàn jọ dá ọjọ́ tí yóò padà sí ẹní rẹ̀. Bó bá jí pẹ̀lú igbe, ẹ pe oríkì rẹ̀ pẹ̀lẹ́, ẹ sọ ibi tó wà àti ọjọ́ tí a wà. Ẹ má bi í léèrè ohun tó rí ní aago méjì òru. Ọ̀rọ̀ ìyẹn dọ̀la.

Ìtọ̀: nínú ìtọ́sọ́nà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2013, wọ́n ní kí wọ́n ṣàlàyé fún òbí pé ìyà kò dára fún ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sílé lẹ́yìn ìpayà. Ẹ má gbé ẹní rù ú, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ àdúgbò máa pè é ní atọ̀ọ́lé. Kó tọ̀ kó tó sùn, ẹ fi ọ̀rá tẹ́ ibùsùn, ẹ jẹ́ kó bá yín ká aṣọ láàárọ̀ láìsí ìbínú. Ẹ fa ìlà sí kàlẹ́ńdà ní gbogbo òru tó bá gbẹ. Mẹ́ta bá pé, ẹ yìn ín, tàbí ẹ ra ohun kékeré kan fún un.

Ohun tó ń rán an létí ló máa ń gba àkókò jù. Ẹ kọ wọ́n sílẹ̀: ìró ọ̀kadà, òórùn epo, oríta Pánṣẹ́kẹ́ fúnra rẹ̀, níbi tí Àkànní àti ìyá rẹ̀ ti ṣubú. Ọmọ tó wà nínú ẹ̀kún omi tó gbẹ̀mí èèyàn ní Abẹ́òkúta ní oṣù Keje 2018, òjò tó ṣú lásán ti tó láti lé e wọ abẹ́ tábìlì. Bí ẹ bá ń bá a sá fún gbogbo rẹ̀, ẹ̀rù náà á máa gbòòrò títí ilé ìwé náà á fi wọ̀ ọ́. Bí ẹ bá sì fipá gbé e sórí ọ̀kadà kó lè "gbójú", ẹ ti dá egbò mìíràn. Àárín méjèèjì ni ọ̀nà wà. Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ gba Pánṣẹ́kẹ́ kọjá nínú táksí, ẹ di ọwọ́ ara yín mú, ẹ fẹ́ ògì. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ dúró létí títì fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Lẹ́yìn náà, kó fọwọ́ kan ọ̀kadà tó dúró jẹ́ẹ́. Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti gbọ̀n, ẹ dúró síbẹ̀ títí ìgbọ̀n á fi rọlẹ̀, ẹ má sá padà. Pé kó padà gun ọ̀kadà kò pọn dandan rárá. Bó bá tó àsìkò, kí akoto wà lórí gbogbo yín.

Ẹ sọ díẹ̀ fún tíṣà rẹ̀, kì í ṣe gbogbo rẹ̀: ìjàǹbá ṣẹlẹ̀, ariwo òjijì lè dẹ́rù bà á, kí wọ́n jẹ́ kó jáde lọ mí síta bó bá tọrọ àyè. Kí wọ́n má sì na án nítorí àìfọkànsíṣẹ́.

Ní ti ìyá àgbà tó fẹ́ lọ pe ẹ̀mí ọmọ wá, èmi kì í bá wọn jà. Àdúrà ìjọ, àdúrà mọ́sáláṣí, omi tútù tí àgbà fi wọ́n ilẹ̀, bí kò bá ti ní ẹgba, ààwẹ̀ tàbí àgbo tí ẹnì kan ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, kó máa lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó. Ọmọ tó rí i pé gbogbo ilé dìde nítorí òun ń jèrè nǹkan níbẹ̀. Oògùn oorun ni mo ń bá wọn jà lé lórí. Ẹ má lọ ra diazepam ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísì fún ọmọ. Ìtọ́sọ́nà 2013 yẹn kan náà ní kí wọ́n má fi irú oògùn bẹ́ẹ̀ tọ́jú ìpayà ọmọdé láàárín oṣù àkọ́kọ́.

Ìgbà tí èyí kò bá tó

Bí ọmọ bá sọ pé òun fẹ́ kú, ẹ má dúró de ìjókòó tó ń bọ̀, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ gbé e lọ. Bí kò bá jẹun mọ́, tí kò sọ̀rọ̀ mọ́, tó ń rí ohun tí ẹlòmíràn ò rí, bákan náà. Bí ìjókòó mẹ́jọ bá parí tí ọmọ ayò ṣì kún ilé, ìtọ́jú tó gùn wà, wọ́n ń pè é ní Trauma-Focused CBT, ìjókòó 12 sí 16. Níbẹ̀ ni ọmọ ti máa ń ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ ní kíkún, díẹ̀díẹ̀, lọ́wọ́ ẹni tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀.

Ibo ni ẹ ó gbé e lọ? Ọsibítù ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdí-Àbà. Ti ọ̀rọ̀ ọkàn gan-an, Àró ni. Mo mọ̀ pé ẹ̀ ń bẹ̀rù kí aládùúgbò má rí yín ní géètì. Ọmọ tó ń lá àlákálàá kì í ṣe wèrè, bí ẹni tó ní ibà ò ṣe jẹ́ òkú. Ẹ lọ láàárọ̀, ẹ mú káàdì ọsibítù ọmọ, ìwé tí ẹ kọ àwọn àmì sí, àti ẹni tí yóò máa bá a wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì pé ọmọdé lẹ mú wá.

Níbi ìjókòó tó kẹ́yìn, wọ́n á tún gbé ayò kalẹ̀, wọ́n á fi wé ti ìbẹ̀rẹ̀. Kò pọn dandan kí gbogbo ilé ṣófo. Bí mẹ́rin bá di ẹyọ kan, tí ọmọ sì mọ ẹni tó lè sọ fún, a lè túká. Kí ẹ tó dìde, ẹ wá ọjọ́ tí ìjàǹbá náà á pé ọdún kan nínú kàlẹ́ńdà kí ẹ sàmì sí i, torí àlá náà lè yọjú lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹ sọ fún ọmọ ṣáájú, kí ẹ má sì rán an níṣẹ́ gba Pánṣẹ́kẹ́ lọ́jọ́ náà.